Òǹtẹ̀, Tádàwà àti Bébà: Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ohun tí a sábà máa ń kà nínú irú ìwé báyìí ni ìtàn àwọn tí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀gá tí wọ́n ti jẹ, àti ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan ni mo fẹ́ ṣàlàyé, èyí tí ọmọdé lè ṣe, tí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lè ṣe, tí kò sì béèrè ju tábìlì kan àti wákàtí méjì lọ. Iṣẹ́ náà ni kí ènìyàn fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ àwòrán sórí bébà, kí ó sì fi oríṣiríṣi nǹkan mìíràn kún un, bí àjákù aṣọ, ìwé ìròyìn àtijọ́, okùn àti ọ̀dà, títí yóò fi di káàdì tí a lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí a fẹ́ràn.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ ni mo ti ń ṣe é. Èmi kò pe ara mi ní ọ̀gá nínú rẹ̀. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, olùbẹ̀rẹ̀ tí ó kàn ṣíwájú wọn díẹ̀ lójú ọ̀nà sì ni èmi náà.

Ohun tí òǹtẹ̀ jẹ́

Òǹtẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìwé ẹ̀rí tí a gbà nígbà tí a jáde kò pé láìsí òǹtẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lára rẹ̀. Nínú Bíbélì, èdìdì ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ju Dáníẹ́lì sínú ihò kìnnìún, ọba fi òrùka èdìdì rẹ̀ àti ti àwọn ìjòyè rẹ̀ sàmì sí òkúta tí wọ́n fi dí ẹnu ihò náà. Nígbà tí Jésébẹ́lì sì fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì, ó kọ ìwé ní orúkọ Áhábù, ó fi èdìdì ọba dì í, àwọn àgbààgbà ìlú sì ṣe ohun tí ìwé náà wí. Nínú ìtàn méjèèjì, èdìdì dúró bí ẹni tí ó ni ín. Ibi tí ọba kò sí, àmì ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá sí i.

Bí òǹtẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. A ó gbẹ́ ojú nǹkan kan, kí ibi tí a fẹ́ kí ó hàn yọ sókè, kí ibi tí a kò fẹ́ sì jìn wọlé. Bí a bá fi kan tádàwà, ibi tí ó yọ sókè nìkan ni yóò gbà á. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ibẹ̀ náà nìkan ni yóò hàn. Àwọn ará Ntonso, lẹ́bàá Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, ń fi èèpo akèrègbè tí wọ́n gbẹ́ tẹ àmì adinkra sára aṣọ, èèpo igi ni wọ́n sì ń sè fún tádàwà rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta tiwa, àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń gba ojú páànù tí a gé bátànì sí lára kun ẹ̀kọ sórí aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ti àdìrẹ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá dé gan-an ni aró kò ní mú. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì ń kọ́ni: bátànì kan ṣoṣo, bí a bá fi sùúrù ṣe é ní àṣetúnṣe, lè kún odindi ìró aṣọ kí ó má sì sú ojú.

Rọ́bà ni ó wá sọ òǹtẹ̀ di ohun tí ó wà lórí gbogbo tábìlì ọ́fíìsì. Oje igi rọ́bà, irú èyí tí a ń kọ ní ilẹ̀ Ẹdó, Dẹ́ltà àti apá kan ní Oǹdó, kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ooru bá mú un, a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí òtútù bá mú un, a máa gan paali. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Charles Goodyear ni ó rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi ooru iná sí i, yóò gba agbára, yóò máa tẹ̀, yóò sì máa padà sípò. Ọdún 1844 ni ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ náà. Ìtẹ̀sípadà yìí ni ó mú kí rọ́bà dára fún òǹtẹ̀: ó rọ̀ tó láti bá ojú bébà lọ, ó sì le tó láti má ṣe fẹjú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò

Àwọn kan ń sá fún iṣẹ́ yìí nítorí wọ́n ti rí irinṣẹ́ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń tà fún un lókè òkun. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Òǹtẹ̀ kan tàbí méjì, páàdì tádàwà kan, bébà tí ó nípọn, sísọ́ọ̀sì, rúlà àti gọ́ọ̀mù ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ní òǹtẹ̀. Èkínní, àwọn tí ń ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lẹ́bàá ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba lè ṣe èyí tí ó ní àwòrán. Ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ sórí bébà funfun pẹ̀lú tádàwà dúdú, kí ìlà rẹ̀ má sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ewé ọ̀pẹ, àgbélébùú, àdàbà, tàbí gèlè ìyá àgbà pàápàá yóò dára. Èkejì, a lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Irú kan wà nínú wọn tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí a ń lẹ̀ mọ́ pátákó ike tí òun náà mọ́ gaara. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ènìyàn ń rí ibi tí àwòrán yóò bọ́ sí kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta, a lè gbẹ́ ẹ fúnra wa. Rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ rẹ́ dára fún èyí, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tí ó ti já. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ kékeré, ẹ gé ọ̀dùnkún sí méjì, kí ẹ fi aṣọ nu ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbẹ́ àwòrán tí ó rọrùn sí i. Òǹtẹ̀ ọ̀dùnkún kò kọjá ọjọ́ kan kí ó tó rọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ti tó fún ẹ̀kọ́. Àgbàlagbà ni kí ó mú abẹ lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé òdìkejì ohun tí a gbẹ́ ni yóò jáde lórí bébà. Fún òdòdó, èyí kò já mọ́ nǹkan. Fún ọ̀rọ̀, ó já mọ́ ohun gbogbo. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ náà kíkankíkan sórí bébà tín-ín-rín, kí ẹ da ojú bébà náà dé orí rọ́bà, kí ẹ sì fi èékánná fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù yóò mú ara rọ́bà, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ti yí padà fúnra rẹ̀. Ibi tí pẹ́ńsù wà ni kí ẹ dá sí. Ibi tí kò sí ni kí ẹ gbẹ́ kúrò.

Oríṣi tádàwà méjì ni olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀kan a máa wọ inú bébà lọ bí omi ṣe ń wọ inú aṣọ, a sì máa tètè gbẹ. Èkejì nípọn, orí bébà ni ó máa ń jókòó sí, àwọ̀ rẹ̀ a máa jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ, pàápàá lórí bébà tí ń dán. Bí ẹ bá fi ìka kàn án kíá, yóò fà kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkínní. Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, nítorí kò sí àwọ̀ tí kò bá dúdú lọ.

Ní ti bébà, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ máa béèrè. Gíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, fún bébà tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òòró. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 80. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé bébà A4 16 ni ó kún mítà kan níbùú lóròó yìí, gíráàmù 5 péré ni bébà A4 kan nínú irú èyí wọ̀n. Kò lè dá dúró bí káàdì, tádàwà a sì máa yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín gíráàmù 200 sí 300 ni ó dára fún wa. Bí a bá gé A4 kan sí méjì, tí a sì ká ìdajì kọ̀ọ̀kan, káàdì méjì ni yóò fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ mìlímítà 105 ní ìbú àti 148 ní òòró, yóò sì wọ inú ẹ́ńfílóòpù tí a ń pè ní C6 láìfún.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ká bébà yín. Bébà ní ìlà ara tí ojú kì í tètè rí, bí igi ṣe ní in, nítorí okùn inú rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan. Bí a bá ká a tẹ̀lé ìlà náà, ojú ìkápọ̀ yóò dán. Bí a bá ká a dábùú rẹ̀, yóò sán. Láti mọ èyí tí ó jẹ́, ẹ rọra tẹ bébà náà sí ìhà méjèèjì láìká a dé ìdí: ìhà tí ó bá tètè gbà ni ìlà náà tẹ̀lé. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi rúlà àti bírò tí tádàwà rẹ̀ ti tán fa ìlà sí ibi tí ẹ fẹ́ ká, kí ẹ tó ká a.

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn bí i mélòó kan sí abẹ́ bébà náà, kí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Tábìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú tó bí a ti rò, ibi tí ó bá sì jìn, àwòrán kì í mú níbẹ̀. Ẹ fi òǹtẹ̀ kan tádàwà ní ìfọwọ́kàn pẹ́pẹ́pẹ́, ẹ má ṣe rì í mọ́ ọn. Bí òǹtẹ̀ bá tóbi ju páàdì lọ, ẹ da ojú òǹtẹ̀ sókè, kí ẹ sì máa fi páàdì kàn án láti òkè. Ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: bí tádàwà bá wà nínú àwọn ibi tí ó jìn, ó ti pọ̀ jù, ẹ nù ún kúrò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi ìka tẹ àárín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì gbé e sókè gbọọrọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n máa mi òǹtẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè mú dáadáa. Mímì náà gan-an ni ó ń jẹ́ kí etí rọ́bà fọwọ́ kan bébà, tí àwòrán yóò fi ní òjìji méjì. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan kò mú, ẹ fi bírò tín-ín-rín tún ìlà náà ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nu òǹtẹ̀ náà. Ẹ má ṣe lo epo pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì, nítorí a máa jẹ rọ́bà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sí ojú oòrùn, nítorí oòrùn a máa mú kí rọ́bà gbẹ kí ó sì la. Nígbà ọyẹ́, ẹ tètè máa dé páàdì yín, kí tádàwà má bàa gbẹ. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí bébà wà nínú ọ̀rá, nítorí bébà a máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a sì máa wọ́.

Fífi nǹkan mìíràn kún un

Ẹni tí ó bá ti mọ òǹtẹ̀ tẹ̀ lè wá máa lẹ nǹkan mọ́ bébà. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ibi tí ó dára jù láti lọ, nítorí àkékù àǹkárà àti léèsì tí wọ́n ń gbá dànù níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè lò lọ. Ẹ lọ aṣọ náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tín-ín-rín kan, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gé e sí bí ẹ ti fẹ́. Gọ́ọ̀mù yóò di okùn inú rẹ̀ mú, etí rẹ̀ kò sì ní máa tú.

Ìgbésẹ̀ tí ó yẹ ni èyí: ohun tí ó máa bo ilẹ̀ ni kí ó ṣáájú, bí ọ̀dà olómi tàbí bébà aláwọ̀, ohun tí a ń lẹ̀ ni kí ó tẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ni kí ó kẹ́yìn. Bí a bá kọ́kọ́ tẹ òǹtẹ̀, tí a wá fi gọ́ọ̀mù olómi kàn án, tádàwà lè ṣàn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ṣe ìwọ̀nba. Omi inú rẹ̀ ni ó ń mú kí okùn inú bébà wú, tí bébà fi ń ká kò. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tẹ́ bébà mìíràn lé e, kí ẹ sì gbé ìwé tí ó wúwo lé e mọ́jú.

Ìwé ìròyìn lẹ́wà lára káàdì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí ohun kan wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Fún ohun tí ẹ fẹ́ kí ó pẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà tí ó dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí fọ́tò àtijọ́. Ẹ má ṣe gé fọ́tò bàbá yín tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nílé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ gé.

Fún àgbà àti fún ọmọdé

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọmọdé ni gígé bébà, kí ó gbọ́ ìtàn Henri Matisse, ayàwòrán ńlá ilẹ̀ Faransé tí a bí ní ọdún 1869. Ní ọdún 1941, nígbà tí ó ti kọjá ẹni 70 ọdún, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, dídúró níwájú àwòrán di ohun tí ó nira fún un, orí ibùsùn tàbí kẹ̀kẹ́ aláìlera ni ó sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ní kí àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ kun bébà ní ọ̀dà, ó sì ń gé e sí ewé, ẹyẹ àti ìràwọ̀. Bébà gígé yìí náà ni ó fi pète àwọn fèrèsé aláwọ̀ inú ilé ìsìn kékeré tí ó ṣe fún àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní ìlú Vence. Ọdún 1951 ni wọ́n ya ilé ìsìn náà sí mímọ́. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́ ni ó fi sísọ́ọ̀sì tan ìmọ́lẹ̀ sílé Ọlọ́run.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ wo Bruce Onobrakpeya, tí a bí ní ọdún 1932. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ káàkiri ayé, ti gbígbẹ́ ojú nǹkan tí a ń tẹ̀ mọ́ bébà ni. Ìlànà tí mo ṣàlàyé lókè, pé ibi tí ó yọ sókè ni yóò gba tádàwà, ni ó fi ṣe ọ̀wọ́ àwòrán 14 tí ó sọ ìtàn ìrìn Jésù lọ sí orí àgbélébùú, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì jọ ará ilé wa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, olùkọ́ ilé-ìwé girama ni, ní St Gregory's College ní Èkó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi tu ọmọ tí kò mọ̀wé nínú. Nínú kíláàsì bí irú èyí tí àwọn ọmọ wa jókòó sí ni ọ̀gá ayàwòrán ti kọ́ni. Ọmọ tí ó bá ń wọn bébà ń kọ́ ìṣirò. Èyí tí ó bá ń dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ ń kọ́ sùúrù, ẹ̀kọ́ tí fóònù kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ta ni káàdì wà fún?

Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843, ọdún náà gan-an tí Henry Townsend kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Henry Cole ni ó béèrè fún un, John Callcott Horsley ni ó sì ya á. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ ìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó kun ọ̀dà sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí Cole fi ṣe é ni pé àwọn tí ó yẹ kí ó kọ lẹ́tà ọdún sí ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ohun méjì ni káàdì ti ń fà síra: kí ọ̀rọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti kí ọwọ́ ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀.

Lónìí, ti èkínní ti borí pátápátá. Àwòrán òdòdó kan náà ni a ń ta látaré sí igba ènìyàn kí a tó jẹun àárọ̀. Èmi kò bá fóònù jà. Fóònù ni wọ́n fi ń jí mi ní àárọ̀ àyájọ́ ìbí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ní ìjọ tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, màmá kan wà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n jí fóònù náà lọ́jà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì bá a lọ. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó sì fa káàdì kan yọ tí ọmọdébìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fi ọ̀dùnkún tẹ̀ fún un. Àwòrán ẹyẹ ni, ẹsẹ̀ kan ni ó sì mú nínú méjèèjì. Màmá sọ fún mi pé, “Bàbá, ọmọ yìí jókòó nítorí mi.”

Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé èdìdì dúró bí ẹni tí ó ni ín. Káàdì tí a fọwọ́ ṣe ń sọ pé ẹnì kan mú àkókò rẹ̀, tí kì í padà, ó sì gbé e kalẹ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tí kò mú kò fi ba ohunkóhun jẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ní àyájọ́ yìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ ẹgbẹ́ tiwa, àwọn tí ó ṣẹ́kù láàyè kò pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá ẹni 80 ọdún. Àwọn mìíràn kò ríran sí ojú fóònù mọ́, ẹlòmíràn kò sì ní in rárá. Ní ọdọọdún ni a ń ka orúkọ àwọn tí ó ti lọ ní ìpàdé wa, tí a ń dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ìdúró yẹn dára, ṣùgbọ́n wọn kò rí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa yan olùkọ́ kan tí ó ṣì wà láàyè, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káàdì kan fún un kí ọdún yìí tó parí. Kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi kí ojú àgbà lè kà á. Kí ó sọ ohun kan pàtó tí olùkọ́ náà kọ́ ọ: ìṣirò tí ó fi sùúrù là yé ọ, ẹgba tí ó dá dúró, ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Bí ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ kò bá dá ọ lójú, fi rán ẹni tí ń lọ sí ìlú wọn, tàbí kí o gbé e lọ fúnra rẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣe tiwọn fún àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ inú rò ni yóò mọ ọpẹ́ dá, ilé ni a sì ti ń kọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ibi tí olùkọ́ rẹ̀ wà, kí ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé. Èmi yóò mú páàdì tádàwà méjì, òǹtẹ̀ díẹ̀ àti bébà tí a ti gé wá sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, fún àwọn tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì dá àwọn olùkọ́ wa sí láti rí i. Àmín.